Búrẹ́dì Ulé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí èèyàn láìbá ẹnikẹ́ni jà, Christiana Àrínọlá, aya Jacob Dúrójayé, tó ń ṣe búrẹ́dì ní Odò-Ọjà ní Ìkẹ́rẹ́, ló yẹ kí ẹ bi. Ọdún kejì tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó jókòó sí ibùdókọ̀ lójú ọ̀nà Adó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, akọ̀wé kan sì ń jẹ búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé náà jẹ ẹ́ tán, ó lá ètè, ó ní kò sí ibi tí wọ́n ti mọ búrẹ́dì ṣe bí Adó. Bẹ́ẹ̀ búrẹ́dì Àrínọlá ló jẹ. Òun ló po fúláwà rẹ̀, òun ló fi ẹmu mú un wú, inú ààrò alámọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ló sì ti jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó wo akọ̀wé náà títí. Kí ni yóò fi hàn án pé tòun ni? Búrẹ́dì kò ní ilà ojú.

Ọ̀ràn náà kọjá ti inú bíbí lásán. Búrẹ́dì tó ń ti Adó wá máa ń wà nínú bébà tí wọ́n kọ orúkọ sí, àwọn tó ń kiri rẹ̀ a sì máa pariwo orúkọ náà ká gbogbo ibùdókọ̀. Ti Àrínọlá kò lórúkọ, kò sì sẹ́ni tó ń polówó rẹ̀. Fún ọdún mẹ́fà gbáko ló fi gbàgbọ́ pé ohun tó bá ti dára yóò ta ara rẹ̀. Kò ta ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá sọ fún un pé bó bá di ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tí ọjà kò sì yí padà, kí ó wó ààrò náà, kí ó wá máa bá òun gbé ní abà. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dun Àrínọlá jù, nítorí ẹni tó ń bínú ṣì lè rọ̀ lọ́la.

Ó ti tọ́jú owó aṣọ ìkórè pamọ́. Owó náà ló gbé fún Ògúnyẹmí, ọmọ Ìsẹ̀ kan tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ síwájú lọ́rì, pé kí ó kọ pátákó ńlá kan fún òun. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní orí rẹ̀ ti dà rú, pé owó aṣọ tí gbogbo èèyàn ìbá rí lára rẹ̀ ló fi ra pákó. Ó dá wọn lóhùn pé pákó náà ni gbogbo èèyàn yóò rí. Nígbà tí Ògúnyẹmí béèrè ohun tí òun yóò kọ, ó ní, “Kọ ọ́ pé Búrẹ́dì Ulé Àrínọlá,” bí ó ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tó ti dáyé. Ulé náà sì ni ìyá Ògúnyẹmí ń pe ilé. Ohun tó gbọ́ ló kọ, pẹ̀lú ọ̀dà pupa tó ń dán.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n rì í mọ́ ẹ̀bá títì. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Tíṣà Bámigbóyè tó ń kọ́ni nílé ìwé ìjọ wọn pè é sí kọ̀rọ̀. Èèyàn dáadáa ni Tíṣà, àmọ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá ṣì lè máà jẹ́ kí ó gbádùn oúnjẹ. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n ń fi “u” bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé Yorùbá. Ilé ni wọ́n ń kọ, bó ṣe wà nínú Bíbélì, ulé ò kọjá ìdí ààrò, àwọn ará Ìbàdàn tó ń gba ọ̀nà náà yóò sì máa fi Ìkẹ́rẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú ti Àrínọlá gan-an. Òun náà kàwé díẹ̀, ó sì ti ka ilé nínú Bíbélì láìmọye ìgbà. Kò kàn wá sí i lọ́kàn rí pé ilé inú Bíbélì àti ulé tòun, ọ̀kan náà ni.

Ó ránṣẹ́ pe Ògúnyẹmí kí ó wá tún un kọ, wọ́n ní ó ti lọ kun lọ́rì ní Òmùò, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Àrínọlá fi ẹní bo pátákó. Afẹ́fẹ́ gbé ẹní lọ. Ó ń wá ẹní náà kiri lọ́wọ́ ni lọ́rì kan tó ń lọ sí Àkúrẹ́ dúró lójijì níwájú ilé rẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Florence, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó lọ́kọ sí Ìbàdàn, bọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú. Àrínọlá rò pé yẹ̀yẹ́ tí Tíṣà wí ló dé yẹn, ó sì ti ń wá bí yóò ṣe tọrọ àforíjì.

“Ìyá, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀wé kà, n kò rí ulé lójú pátákó rí,” ni Florence wí. “Bí mo ṣe rí i báyìí ni mo mọ̀ pé ẹni wa ló ń bẹ níbẹ̀.”

Gbogbo èyí tó kù lórí àtẹ ló rà. Ó ní àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó wà ní Ìbàdàn gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Àwọn èrò ọkọ̀ tí kò gbọ́ èdè Èkìtì rárá bọ́ sílẹ̀ láti béèrè ohun tí ulé jẹ́, nígbà tí wọ́n sì béèrè tán, ojú tì wọ́n láti padà lọ́wọ́ òfo, ni wọ́n bá ń béèrè èyí tí yóò jáde láìpẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn awakọ̀ ti ń mú iṣẹ́ wá láti Ìbàdàn àti Oǹdó pé wọ́n fẹ́ Búrẹ́dì Ulé. Wọ́n ti gé orúkọ Àrínọlá sọnù. Kò bínú sí wọn.

Ògúnyẹmí dé tòun ti ọ̀dà, ó ń tọrọ gáfárà. Àrínọlá dúró síwájú pátákó rẹ̀.

“Má fọwọ́ kàn án,” ló wí. “Òmíì ni kí o kọ fún mi, kí àwọn tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ náà rí i.”

Ó tún ní kí ó bá òun gbẹ́ igi òǹtẹ̀ tí òun yóò máa tẹ̀ sára bébà búrẹ́dì, kí ó sì rí i dájú pé ulé ló wà níbẹ̀. Àṣé ọjọ́ ń bọ̀ tí búrẹ́dì yóò ní ilà ojú.

Nígbà tí ìkórè dé, aṣọ àtijọ́ tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n sì lọ̀ ni Àrínọlá wọ̀, ó sì gbé agbọ̀n búrẹ́dì lọ fún Olúwa. Lẹ́yìn ìsìn, Tíṣà Bámigbóyè ló ń ṣe gbàǹjo àwọn ẹrù ìkórè. Ó kan agbọ̀n Àrínọlá. Tíṣà ṣe ohùn bí ẹni tó ń ka Bíbélì, ó pe Búrẹ́dì Ilé. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un pè. Bàbá àgbà kan láti ẹ̀yìn béèrè bóyá èyí tó ń ti Adó wá nìyẹn.

Tíṣà wo bébà tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó wo Àrínọlá. Ó wúkọ́ díẹ̀.

“Búrẹ́dì Ulé,” ló wí.

Ọwọ́ ń nà sókè láti ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì, àwọn kan tilẹ̀ dìde dúró. Orí Àrínọlá wú nínú aṣọ àtijọ́ rẹ̀, kò sì fi pamọ́. Ọwọ́ ẹnì kan ló ṣáájú ti gbogbo wọn. Ọwọ́ Jacob ọkọ rẹ̀ ni.