Wọ́n Fọ Táńkì Mi Mọ́ Tónítóní

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kó gbé e sílẹ̀ díẹ̀, kó wá gbọ́ ohun tójú mi rí nínú ilé ara mi níbí ní Mowé. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí o! Ẹ má sọ fún mi pé kí n fi sùúrù sí i. Mo ti fi sí i títí, sùúrù náà ti tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tẹ̀lé mi tipẹ́ mọ̀ pé mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, mo wá ń gbin nǹkan sínú omi. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní sípírúlínà. Ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀, àfi tó bá pọ̀ nínú omi, tí gbogbo omi náà á wá ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé tó dúdú dáadáa. Oúnjẹ ni o! Èròjà tó ń mú ara dàgbà pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn èròjà mìíràn tó ń ṣe ara lóore wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kódà àwọn tó ń ṣe súìtì máa ń yọ àwọ̀ búlúù lára rẹ̀.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé kò gba ilẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe dà ní àdúgbò wa? Ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ lánàá, ẹ̀sìtéètì ti gba ibẹ̀ lónìí. Ta ló fẹ́ bá ọmọ onílẹ̀ fa wàhálà? Àmọ́ tí ẹ bá ti ní táńkì díẹ̀ lẹ́yìn ilé, oòrùn, bákìn sódà, iyọ̀, ajílẹ̀ díẹ̀ àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, ó tán. A máa ń sẹ́ ẹ nínú aṣọ bí ẹni ń sẹ́ ògì ni. Omi á padà sínú táńkì láti tún ṣiṣẹ́, èyí tó kù lórí aṣọ la máa sá, tá a máa lọ̀ di pọ́dà.

Bísí, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé Ìbafọ̀, ló fún mi ní irúgbìn rẹ̀ nínú ìgò omi. Láti inú ìgò yẹn ni mo ti tọ́ ọ dé bàsíà, láti bàsíà dé táńkì. Òjò ṣú, mo sáré bò ó. Oòrùn mú jù, mo sáré ta nẹ́ẹ̀tì lé e. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn táńkì náà, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ni mo ń pè ní táńkì ìyá, nítorí inú rẹ̀ ni mo ti ń bu irúgbìn sí àwọn yòókù. Mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé: ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ má fọwọ́ kan ìyá! Ọkọ mi gbọ́ ọ títí tó fi sú u.

Mo máa ń bu pọ́dà náà díẹ̀ sínú ògì Fèyí, ọmọ wa. Ọkọ mi náà ń mu ún. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fẹ́ sọ òun di ewúrẹ́, àmọ́ á gbé kọ́ọ̀bù náà dà sẹ́nu gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Wàyí o, Àlájà kan wà ní Arepo tó ń ṣe ògì gbígbẹ fún àwọn ọmọdé. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ ń tà. Ó tọ́ pọ́dà mi wò, ó fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó ní kí òun tó fi sínú oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ, òun gbọ́dọ̀ fojú ara òun rí omi tó ti ń wá. Ó dára bẹ́ẹ̀, àbí? Èmi náà ì bá bèèrè. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ayọ̀ ò jẹ́ kí n jẹun! Tí Àlájà bá lè rí omi yẹn, kó sì fọwọ́ sí i, iṣẹ́ mi ti di iṣẹ́ nìyẹn. Gbogbo àwọn tó ń bi mí pé ìgbà wo ni mo máa wá iṣẹ́ gidi ṣe, wọ́n á wá panu mọ́.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ ni Màmá dé láti Ifọ̀. Ìyá ọkọ mi ni mò ń pè ní Màmá. Ẹ má rò pé ẹni burúkú ni wọ́n o! A kì í jà. Ohun kan ṣoṣo tó wà lára Màmá ni pé wọn kì í jókòó. Bí wọ́n bá ti gbé báàgì kalẹ̀ báyìí, ìgbálẹ̀ ni wọ́n máa bèèrè. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni o, ẹ̀yìn fíríìjì ni o, wọ́n á dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú wọn, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo po ògì fún wọn, mo bu pọ́dà mi sí i. Wọ́n mu ún, wọ́n ní ó dùn lọ́fun. Wọn ò bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, èmi náà ò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo lọ sí Asẹ́sẹ̀ láti ra àwọn ìgò onídèérí tí mo máa bu sí fún Àlájà. Ọkọ mi wà nílé, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo máa fi padà dé, òórùn bílíìṣì ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu géètì.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn táńkì mi funfun báláú! Wọ́n ti dojú wọn dé nínú oòrùn, wọ́n ń sá wọn. Orí sìmẹ́ńtì ti di àwọ̀ ewé títí lọ dé gọ́tà. Táńkì ìyá ńkọ́? Òun ló mọ́ jù.

Màmá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, òógùn ti bò wọ́n, inú wọn ń dùn. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, o káàbọ̀. Mo mọ̀ pé o ò ráyè ni. Mo ti bá ẹ fọ gbogbo ẹ̀, kí wẹ́n má baà máa sọ pé ìyàwó ọmọ mi ló ń jẹ́ kí omi ilé ẹ̀ máa hu ewé."

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ ì bá pariwo mọ́ àgbàlagbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀, tó ń fọ nǹkan fún yín? Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí orí mi tó gbà pé òótọ́ ni. Mo ní, "Ẹ ṣé mà. Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ ó pẹ́ fún wa." Ohun tí mo fi ọ̀pọ̀ oṣù tọ́ dàgbà wà nínú gọ́tà, èmi náà ni mo tún ń dúpẹ́! Mo wọ bálùwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́, mo sunkún.

Mo bi ọkọ mi bóyá ó mọ̀ pé Màmá ń fọ táńkì. Kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, pé ariwo bọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù. Mo gbà á gbọ́. Ọkọ mi ni, kí ni kí n ṣe?

Ẹ sì mọ àṣà wa. Tí ènìyàn bá ṣe yín lóore lónìí, tí ẹ dúpẹ́ lónìí, kò tíì parí. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì wá sọ pé ẹ ṣé àná. Tí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ẹ ò moore. Nítorí náà, láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo tún wọ yàrá Màmá lọ, mo tún kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé àná mà." Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n tutọ́.

Màmá ṣàdúrà fún mi dáadáa. Wọ́n wá ní kí n jọ̀ọ́, kí n di díẹ̀ fún àwọn lára nǹkan aláwọ̀ ewé tí mo ń bù sínú ògì yẹn, kí àwọn gbé e lọ sí Ifọ̀. Wọ́n ní ó bá àwọn lára mu, pé àwọn sì rí bí Fèyí ṣe ń mu ún.

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, mi ò gbé ohùn sókè. Mo ní, "Mà, inú omi tí ẹ dà nù yẹn ló ti ń wá."

Màmá wò mí. Wọ́n wo ọwọ́ wọn. "Omi inú táńkì yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ṣùgbọ́n mo bi ọkọ ẹ! Mo pè é jáde, mo ní ṣé ẹ̀ ń fi omi yìí ṣe nǹkan ni àbí kí n dà á nù? Ó ní kí n dà á nù. Èyí tó tóbi yẹn, ṣé agbára mi ló ká a ni? Òun ló bá mi dojú ẹ̀ dé!"

Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọwọ́ ọkọ mi ló dojú táńkì ìyá dé. Ó padà wọlé, ó jókòó, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Mo dé, mo bi í, ó ní òun ò gbọ́!

Màmá pè é. Ó jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Màmá ní kó tún ohun tó sọ lánàá sọ lójú mi. Ó kọ́kọ́ ń wolẹ̀, ó wá ní ojú ló ti òun. Ó ní ìgbà tí Màmá bi òun, kí lòun ì bá wí? Kí òun sọ fún ìyá òun pé omi tó rí báyẹn ni a ń fún ọmọ-ọmọ wọn mu? Ó ní òun rò pé á tún padà hù ni, ṣebí ó dà bíi koríko.

Ẹ gbọ́ o! Ó rọrùn fún un kí ìyá rẹ̀ máa wò mí ní ọ̀bùn ju kó la ẹnu ṣàlàyé nǹkan tí òun fúnra rẹ̀ ń mu lójoojúmọ́. Kò tiẹ̀ kórìíra iṣẹ́ mi. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Tó bá kórìíra rẹ̀, ǹ bá ti mọ ibi tí mo dúró sí.

Màmá fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ìyá ọkọ mi! Mo sáré dì wọ́n mú, a jọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, a ń sunkún. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìfófòó ọṣẹ ìfọyín ń kán sí i láyà.

Àlájà dé lọ́sàn-án. Kí ni mo fẹ́ fi hàn án? Mo fi fọ́tò inú fóònù hàn án. Ó wo fọ́tò, ó wo táńkì òfìfo, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò bú mi o. Ó kàn ní fọ́tò kì í ṣe omi, pé tó bá ti ṣe tán kí n pe òun. Nígbà tí mo wá pè é, ó ní kí n má bínú, èyí tó ń ti òkè òkun wá lòun ń rà báyìí, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ sára páálí. Ẹ wò ó! Ohun tó lè hù nínú oòrùn Mowé, ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé e wá bá wa.

Ọkọ mi ti ra táńkì tuntun fún mi. Ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì pé òun ń ti ìyàwó òun lẹ́yìn. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń pè mí pé ó ti gbìyànjú, kí n jẹ́ kó tán nínú mi. Ó ti gbìyànjú, lóòótọ́!

Òjò ti ba ti Bísí náà jẹ́, ìgò kékeré kan ló kù fún un lójú wíńdò. Inú ìgò yẹn la ti bẹ̀rẹ̀ padà. Àmọ́ Ìbafọ̀ la ti ń ṣe é, lẹ́yìn ilé Bísí. Àràárọ̀ ni mò ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi bi mí pé kí ló dé tí omi inú táńkì tuntun òun kò tíì ní àwọ̀. Mo ní omi rẹ̀ mọ́, ṣebí bó ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Ohun tí mo rí kọ́? Wọ́n máa ń ní ká ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún àwọn ará ilé kí wọ́n lè mọyì rẹ̀. Mo ṣàlàyé! Ó yé e! Kí nǹkan yé ènìyàn yàtọ̀ sí kó lè dúró tì yín níwájú ìyá rẹ̀. Ẹ yẹ ìkejì yìí wò dáadáa lára ènìyàn kí ẹ tó fi irúgbìn yín sílẹ̀ sábẹ́ òrùlé rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló mọ iyì ohun tí ẹ ń ṣe nínú ilé yín, tó sì bá wọn gbé e dà sí gọ́tà? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí. Mo fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan.