Ọjọ́ Tí Òòfà Fa Irin Jáde Nínú Iyẹ̀pẹ̀ Ìwó

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán nígbà tí bọ́ọ̀sì wa gbéra ní Ìwó. Ọmọ kíláàsì karùn-ún méjìlélógún ni mo ń kó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Ìbàdàn. Wọ́n ti bá ilé ìwé wa ṣàdéhùn pé kí àwọn ọmọ wá fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí kálukú sì bu iyẹ̀pẹ̀ ilé rẹ̀ dání.

Bàbá Rọfíátù, tó jẹ́ ààfáà àdúgbò wa, bá wa lọ. Òun ni àwọn òbí yòókù ń wò. Bí ó bá ní kò dára, a ò tún lọ mọ́.

Ó ní, "Tíṣà, bí ẹ bá fi òrìṣà han ọmọ mi, mo ń mú un padà sílé nìyẹn o."

"Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná, Ààfáà."

Kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà. Ní Lálúpọn a ra búrẹ́dì àti àkàrà gbígbóná. Orin ni àwọn ọmọ ń kọ. Èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, "má fọwọ́ kàn án" la máa ń sọ fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, obìnrin tó gbà wá lálejò ní, "Ẹ fọwọ́ kàn án dáadáa!" Àwọn ọmọ fẹ́ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ títí èédú fi pọ́n yòò. Lẹ́yìn náà ló pín mágínẹ́ẹ̀tì, tí àwọn bàbá wa ń pè ní òòfà, fún wa. Ó ti fi ọ̀rá wé wọn. "Ẹ wọ́ ọ nínú iyẹ̀pẹ̀ yín."

Akólòlò ni Rọfíátù. Kò nawọ́ rí nínú kíláàsì mi. Ó wọ́ tirẹ̀, nǹkan dúdú wínníwínní sì hù sára ọ̀rá náà bí irùngbọ̀n.

"I-i-irin ni! Bàbá, irin wà nínú ilẹ̀ wa!"

Ó bi obìnrin náà ní ìbéèrè mẹ́ta léra wọn, kò sì sẹ́ni tó fi í rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ ká apá aṣọ sókè, ó lóṣòó.

"Gbé e wá. Súbúhànallàhi! Irin ni súrà kan ń jẹ́. Àtọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní súrà yẹn, mi ò mọ̀ pé mo ń tẹ irin mọ́lẹ̀!"

Ká tó kírun mọ̀gáríbì a ti padà dé. Àwọn òbí ń dúró. Ààfáà ò jẹ́ kí n lanu: "Kíláàsì kẹrin ló kàn. Ẹ wá àyè fún mi nínú bọ́ọ̀sì."

Mo délé, mi ò lè jókòó. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ya òòfà sójú pátákó fún àwọn ọmọ. Ọjọ́ náà ni èmi fúnra mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn án.