Bàbá Ẹja àti Omi Tó Kọ̀ Tí Kò Mọ́

Àwọn ọmọdé tó ń bá ìyá wọn wá yọ eyín ló sọ ọ́ ní Bàbá Ẹja, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé bí ẹ bá pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì lẹ ń bá wí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: àpótí gíláàsì kan tó gùn tó bẹ́ẹ̀dì, nínú yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà eyín. Omi iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja mẹ́rìndínlógún àti iyùn. Iyùn gidi o, èyí tó ṣì wà láàyè tó ń jẹun, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sín sọ́rùn. Ìyàwó dókítà ló kó wọn jọ kó tó kú.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Ẹja bí wá bímọ sí ìlú mìíràn, ìrìn ọjọ́ méjì gbáko. Bàbá fẹ́ lọ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ṣé ohun tó le nìyẹn? Àmọ́ dókítà ní, "Bàbá Ẹja, ẹ má bínú. Fọ́sífétì ti pọ̀ jù nínú omi yìí, iyùn ìyàwó mi ti ń ṣú. Ọjọ́ tó bá ti wálẹ̀, ẹ gbéra lọ́jọ́ kejì."

Inú oúnjẹ ẹja ni fọ́sífétì yìí, èròjà kan tí ojú kò lè rí nínú omi, ti ń wá. Èyí tí wọn ò jẹ tán á jẹrà, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ á hù bo òkúta, iyùn á sì máa kú lọ. Díẹ̀díẹ̀ ló sì yẹ kéèyàn dín in kù, torí bó bá já wálẹ̀ lójijì, iyùn á funfun báláú, ó parí nìyẹn.

Bàbá Ẹja ká ṣòkòtò. Lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, á fa omi jáde, á po iyọ̀ tuntun nínú ike ńlá, á dà á padà. Ó wá èròjà kan tó rí bíi yangí wẹ́wẹ́, tó máa ń fa fọ́sífétì mọ́ra, ó dì í sínú ìbọ̀sẹ̀, ó so ó síbi tí omi ń gbà kọjá. Edé dídì tó fi ń bọ́ wọn, á kọ́kọ́ ṣàn án, á fi ìwọ̀n orí ìka kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Lẹ́yìn náà ni á bu omi sínú ìgò kékeré, á kán oògùn sí i, á mì ín. Omi á di búlúù. Bó bá ṣú, fọ́sífétì ṣì pọ̀.

Ó ṣú. Oṣù kẹta, ó ṣú. Oṣù kẹwàá, ẹ gbà mí, ó ṣú! Ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìgò sọ̀rọ̀: "Kí ni mo ṣe fún ẹ gan-an?" Yàrá yẹn há mọ́ ọn láyà. Fèrèsé kan ṣoṣo tó ní, kọ́bọ́ọ̀dù ti dí i. Ẹ̀rọ omi ń kùn hùùù láti àárọ̀ títí dalẹ́. Ó ní àwọn ẹja gan-an sàn ju òun lọ, ó kéré tán, wọn kò ní ibi tí wọ́n fẹ́ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n ti tilẹ̀kùn torí oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá Ẹja lọ ra iyọ̀, ó sì tètè dé. Ló bá bá ìyá dókítà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Òkè ilé náà ni ìyá àgbà yìí ń gbé, ọ̀sán kan kì í kọjá kó má sọ̀kalẹ̀ wá bá Bàbá Ẹja tàkúrọ̀sọ. Ó gbé abọ́ edé sórí itan, ó ń bù ú sómi ní ìkúnwọ́ ìkúnwọ́. Ẹja ti yó, èyí tó kù ń rì lọ sábẹ́ òkúta.

"Háà, Mà! Ẹ̀yin lẹ ń ṣe é látọjọ́ yìí?"

Ìyá kò ta gìrì. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. "Èmi ni."

"Ẹ ò mọ̀ pé ó ń ba omi jẹ́ ni?"

"Mo mọ̀, ìwọ náà lo sọ fún mi. Mo sì gbọ́ ohun tí ọmọ mi sọ fún ẹ. Bí omi bá ti mọ́, o ti lọ nìyẹn. Ta ló kù tó máa bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí? Dókítà? Eyín èèyàn ló mọ̀ ọ́n wò, kì í wojú ẹnikẹ́ni."

Inú bí Bàbá Ẹja gan-an. Àmọ́ ẹnu wo lèèyàn fẹ́ fi bá ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún wí? Bó bá sì sọ fún dókítà, ó mọ̀ pé á ti ilẹ̀kùn òkè pa mọ́ ìyá ni, torí ó ti léri bẹ́ẹ̀ rí. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá ní òun ti gbọ́, ó sì gbójú síbòmíràn.

Nírọ̀lẹ́, dókítà wá wo ìgò. Ó ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Bàbá Ẹja, kí ló dé?"

"Èmi ni, Dókítà. Àánú wọn ló ń ṣe mí, mo ti ń bọ́ wọn jù."

"Irú kí wá nìyí?" Dókítà mi orí. "A tún máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Bàbá Ẹja pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù kó lè sọ fún un pé òun ò tíì lè wá. Kò tíì rí i sọ tí ọmọ fi figbe ta: "Bàbá mi, ẹ dúró, ẹ má gbé fóònù sílẹ̀! Ọmọ mi ti dìde! Ó ń rìn bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi! Ṣé ẹ ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀?"

Ó tẹ fóònù mọ́ etí gan-an. Ẹ̀rọ omi ń kùn lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Mo ń gbọ́ ọ," ló wí.