Nọ́ńbà Tí Wọ́n Kọ Fún Oyún Mi

Oyún oṣù mẹ́ta ni. Ó bà jẹ́ lára mi ní Al Taawun, àdúgbò tí à ń gbé nílẹ̀ Lárúbáwá, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń di oúnjẹ ilé ìwé ọmọbìnrin mi. Inú ti ń run mí láti àná. Mo ti lo parasitamọ́ọ̀lù méjì, mo sì fi omi atalẹ̀ gbígbóná lé e. Kí ọkọ mi tó rí takisí, ẹ̀jẹ̀ ti kún páàdì mẹ́rin, ó ti ń ṣàn dé ẹsẹ̀ mi.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi mí pé ṣé mo lo nǹkan kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú ń run èèyàn, kò ní lo nǹkan? Kò bi mí pé kí ni. Dókítà obìnrin kan yẹ̀ mí wò, ó ní gbogbo rẹ̀ kò tíì jáde. Wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n yọ èyí tó kù, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ó tọ́jú mi, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ mi mú títí oorun fi gbé mi lọ.

Ìwé tí wọ́n fún mi mú lọ sílé ló bí mi nínú. Ẹ̀gbọ́n kan ń gbé ní fúláàtì tó kọjú sí tiwa. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní àdúgbò Silicon Oasis ni kó máa kọ nọ́ńbà àìsàn sínú fáìlì fún ìnṣọ́ránsì, torí àìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ó gbé ọbẹ̀ wá fún mi, ó rí ìwé náà lórí tábìlì, ojú rẹ̀ yí padà.

"Àbúrò mi, ta ló kọ èyí? Nọ́ńbà yìí ń sọ pé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ oyún yẹn ni."

"Èmi? Ẹ̀gbọ́n, oyún tí mo fi ọdún méjì wá?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé o lo nǹkan. Kí lo lò?"

"Parasitamọ́ọ̀lù àti atalẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Atalẹ̀ ọbẹ̀ ti di ẹ̀sùn. Lọ bá wọn kíákíá. Tó bá fi lè pẹ́ níbẹ̀, gbogbo dókítà tó bá ṣí fáìlì rẹ ló máa kà á."

Mi ò sùn dáadáa. Ẹni tí kò rí mi rí ló jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó sọ pé mo pa ọmọ mi.

Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ sí ọsibítù. Akọ̀wé tó wà níwájú ní khalas, ó ti parí, wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ìnṣọ́ránsì. Mo fa àga, mo jókòó, mo ní kí wọ́n pe ẹni tó kọ ọ́. Ó pẹ́ kí ọkùnrin kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ó ní òun kì í rí aláìsàn, ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ lòun ń kà.

"Ó dáa," mo ní, "èmi rèé. Bi mí ní ohun tí mo lò."

Ó ní dókítà nìkan ló lè bi mí. Wọ́n pe dókítà mi. Ó bi mí, ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé fúnra rẹ̀ ni oyún náà wálẹ̀. Ọkùnrin náà yí nọ́ńbà padà lójú mi, ó sì tún un fi ránṣẹ́. Kò bẹ̀ mí.

Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lọ mú ọmọ mi nílé ìwé.