Òdòdó Aṣálẹ̀ Inú Agolo Mílíìkì

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, kí ẹni tó ń tẹ fóònù gbójú sókè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ òdòdó ni mo fẹ́ sọ.

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, nínú ilé wa ní Festac, tí mo gbà pé kò sí ohun tí ẹni tó ti ṣe ọ̀gá rí kò lè bójú tó. Ìyàwó mi ní òdòdó kékeré kan nínú agolo mílíìkì. Etí aṣálẹ̀ lókè Ọya ló ti wú u, níbi tí ìjọba gbé wa lọ, tí a ti bí ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo. Ẹbí ẹ̀wà ni: ewé rẹ̀ jọ tẹ̀wà, èso rẹ̀ a sì máa wà nínú àpò bíi ti erèé. Gbogbo rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. N kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì rí.

Nígbà tí ọmọ wa bímọ ní Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ lọ wẹ ọmọ fún un. Ó fi agolo náà lé mi lọ́wọ́.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bomi rin ín jù. Ìyà ló ti mọ́ ọn lára. Òun nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́ láti ibẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, mo ń bomi. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé kejì, yọjú lórí fẹ́ńsì: "Ẹ̀gbọ́n, ewéko ni àbí ìkókó? Ṣé ẹ ti po ògì fún un?" Mo tún bu omi sí i. Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, ó ku erùpẹ̀ tútù. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọn kò sọ ti ohun tí a bá fomi mú.

Mo wọ kíṣìnnì, mo mú ẹ̀wà olóyin mẹ́ta, mo rì wọ́n sínú agolo. Wọ́n hù wéré. Mo yin ara mi.

Ìyàwó mi dé, ó wo agolo, ó wò mí. "Ó mà sanra o." Ó fi í sílẹ̀ títí ó fi so, tí èso náà fi gbó. Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó gbé àwo síwájú mi: ẹ̀wà sísè, kò kún ṣíbí kan.

"Dádì, òdòdó yín ti jinná."

Mo jẹ ẹ́ tán. Iyọ̀ rẹ̀ dá. Mo ní, "Mo pa á."

"Ẹ ò lágbára ẹ̀."

Ó fa ẹ̀wà tu, ó gbé agolo sórí fẹ́ńsì nínú oòrùn, kò ta omi sí i. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ewé méjì yọ láti ara gbòǹgbò àtijọ́. Ó ní, "Ọdọọdún ló máa ń ṣe bí òkú. Ọdún mélòó la ti jọ ń gbé ilé yìí?"

Ó ti pé ọdún méjì báyìí tí ìyàwó mi náà ti lọ. Ọmọ wa jogún aṣọ àti Bíbélì rẹ̀. Awakọ̀ gba ike ìbomirin mi, ó fi ń fọ mọ́tò. Èmi ni ìyàwó mi fi agolo sílẹ̀ fún, pẹ̀lú òfin kan ṣoṣo.

Òdòdó náà tún ti gbẹ lọ́dún yìí. Láràárọ̀ ni mo máa ń jáde lọ dúró tì í. Mo ká ọwọ́ sẹ́yìn, n kò sì bu omi.