Bẹ́líìtì Inú Àpótí Ìyá Mi

Kò sí ohun rere kan tó wọ ilé wa rí tí kò kọ́kọ́ wọ inú àpótí ìyá mi. Àpótí onírin ni, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ló wà nígbà tí a wà ní Èkó, ó sì bá wa padà sí Òmù-Àrán. Aṣọ tuntun, àwo tánganran, aago tí ẹnikẹ́ni kò so mọ́ ọwọ́ rí, gbogbo rẹ̀ ló ń sùn níbẹ̀ láàárín káńfọ̀, tó ń dúró de ọjọ́ ńlá. Bí a bá bi ìyá mi pé ọjọ́ wo ni ọjọ́ ńlá, wọ́n á ní, "Ẹ óò mọ̀ ọ́n bó bá dé." Èmi tí ara mi kì í gba ìdúró, mo máa ń sọ fún wọn pé ọjọ́ ńlá gan-an ni wọ́n tì mọ́ inú àpótí yẹn. Wọ́n á ní kí n lọ fọ abọ́.

Nígbà tí owó epo ń ṣàn, bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń la títì, wọ́n sì ra ọkọ̀ Jámánì kan. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú mọ́ búlúù bí aṣọ tó mu aró yó, awọ ni àga rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pariwo bí a bá ń pa á dé. Ẹni tó tà á gba bàbá mi nímọ̀ràn pé kí wọ́n ra bẹ́líìtì kan pa mọ́, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní táímìn. Rọ́bà eléyín ni. Òun ló so ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́ òkè kí àwọn méjèèjì lè jọ máa yí pọ̀, bó bá sì já lórí ìrìn, irin á kọlu irin nínú lọ́hùn-ún, ẹ́ńjìnnì á bàjẹ́. Bàbá mi rà á, wọ́n gbé e fún ìyá mi.

Ìyá mi ní, "Ohun mọ́tò kì í bá aṣọ gbé."

"Ohun tó dára ni," ni bàbá mi dáhùn. "Níbo la tún ń tọ́jú ohun tó dára sí nílé yìí?"

Bẹ́ẹ̀ ni bẹ́líìtì náà ṣe wọ àpótí tòun ti páálí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ léèsì aláwọ̀ mílíìkì kan tí bàbá mi rà fún ìyá mi lọ́dún kan náà.

Ọmọ Ẹ̀sìẹ́ ni ìyá mi. Nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ fẹ́ wa ọkọ̀ náà wálé láti Èkó, wọ́n ránṣẹ́ ṣáájú pé àwọn yóò gbé e dé Ẹ̀sìẹ́ kí àna wọn lè rí i. Ìyá ìyá mi gbá àgbàlá, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé kó igi ìdáná kúrò níbẹ̀, kí wọ́n so àwọn ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, kí ọkọ̀ lè ríbi dúró. Àlejò kún ilé wa ní Òmù-Àrán, ìpàdé ẹbí kò sì tán bọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí a ó padà pé, a gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá láìyà sí Ẹ̀sìẹ́, a forí lé Èkó. Bàbá mi ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀.

Ọdún tó ń bọ̀ yẹn pọ̀ o. Lọ́dún kan àìsàn ló dé, lọ́dún mìíràn iṣẹ́ ni kò jẹ́. Bí Kérésì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá ìyá mi á tún gbá ibẹ̀. Wọ́n kú láìfi ojú kan ọkọ̀ náà, mọ́tò èrò la sì wọ̀ lọ sin wọ́n, nítorí ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Ọkọ̀ yín tí à ń gbọ́ tí a kì í rí ń kọ́?" Ìyá mi á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí a bá ti padà délé, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà tí nǹkan wá le, tí náírà wó, ilé-iṣẹ́ bàbá mi kógbá sílé, a sì kó padà sí Òmù-Àrán. Bàbá mi gbé ọkọ̀ lé orí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi tapólì bò ó. Mo rí iṣẹ́ olùkọ́ nínú ìlú, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹsẹ̀ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí wọ́n bá rìn láti yàrá dé ilé ìdáná, àfi kí wọ́n jókòó kí èémí wọn tó balẹ̀. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní Ìlọrin sọ fún wa pé ọkàn ni kò lágbára mọ́, kí a má jẹ́ kí wọ́n ṣe wàhálà.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń ṣa ẹ̀wà, ìyá mi pe bàbá mi.

"Bàbá wọn, n kò ní í tún bẹ̀ yín ní nǹkan kan mọ́. Ẹ fi ọkọ̀ yín gbé mi lọ síbi ìkórè ìjọ ilé wa ní Ẹ̀sìẹ́ lọ́dún yìí. Kí n jókòó sẹ́yìn, kí ẹ wà á wọ àgbàlá ìyá mi. Kó má baà pẹ́ jù."

Bàbá mi dìde. Wọ́n jáde, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń ká tapólì kúrò lórí ọkọ̀.

Mo tẹ̀ lé wọn jáde, mo ní kí a kúkú háyà ọkọ̀. Bàbá mi wò mí tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní, "Ṣé ọkọ̀ háyà ni mo ṣèlérí fún un?" Mo bínú wọlé. Nígbà tó yá mo tún jáde, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó máa bá wọn di nǹkan mú. Mẹkáníìkì tó mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí nítòsí, àwọn tó wà kò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án. Bàbá mi ní ìwé tó bá ọkọ̀ wá, wọ́n ní sípánà, wọ́n sì ní agídí.

Bẹ́líìtì ni wọ́n ní kí a kọ́kọ́ pààrọ̀. Ó ti pẹ́ jù lójú iṣẹ́, wọn kò sì fẹ́ kó já mọ́ àwọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìyá mi lẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá mi tú okùn bátìrì, wọ́n tú fáànù, wọ́n tú ìdérí iwájú ẹ́ńjìnnì. Bóòtù tí wọ́n bá ti tú, èmi ni wọ́n ń gbé e fún, èmi náà á sì jù ú sí ihò ọpọ́n ayò, ihò kọ̀ọ̀kan fún ibi kọ̀ọ̀kan, kí a má baà ṣì wọ́n mú. Ìyá mi gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń wò wá.

"Ta ló ń jẹ níbẹ̀ yẹn?" ni wọ́n bi wá.

"Ọmọ rẹ mà ni," ni bàbá mi dáhùn. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ọmọ ayò mi tán."

Lẹ́yìn náà ni bàbá mi ní kí n lọ mú kútẹ́ẹ̀sì mi wá. Kútẹ́ẹ̀sì pupa ni, n kò tíì fi kun èékánná kan ṣoṣo. Wọ́n fi kun àmì tó wà lára kẹ̀kẹ́ eléyín tòkè àti tìsàlẹ̀, kí a lè tètè rí i bí ọ̀kan bá yẹ̀. Wọ́n ní bí eyín kan péré bá yẹ̀, òkè kò ní í mọ ohun tí ìsàlẹ̀ ń ṣe mọ́. Mo ń kùn pé kútẹ́ẹ̀sì mi ti tán, ìyá mi ní kí n wá fi èyí tó kù kun èékánná àwọn de ìkórè. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo kùn ún. Ọwọ́ wọn ti wú, òrùka ìgbéyàwó wọn ti há pinpin.

Bẹ́líìtì àtijọ́ tí bàbá mi bọ́ ti ń dán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti ń yọ fọ́nrán. Wọ́n fi kọ́ ìṣó lára ògiri. Ìyá mi wá rán mi lọ sídìí àpótí. Bí mo ti ṣí i ni òórùn káńfọ̀ bo gbogbo ibẹ̀. Bẹ́líìtì náà wà nínú páálí rẹ̀, ó dúdú kirikiri, nọ́ńbà funfun ara rẹ̀ kò tíì ṣá.

"Ta ló ní ohun mọ́tò kì í bá aṣọ gbé?" ni bàbá mi wí.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wá èémí. Èmi tí mo ti ń bú àpótí yẹn láti kékeré, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi gbé e wọ̀, wọ́n fà á le. Mo fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, bàbá mi tẹjú mọ́ àmì pupa méjèèjì títí wọ́n fi padà ṣe déédéé. Nígbà tí wọ́n ṣíná sí i, ó wúkọ́, ó tú èéfín, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀. Bàbá mi yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún fún ìgbà pípẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn wọ́n ń wà á lọ wà á bọ̀ nínú ìlú. Mo ní kí ìyá mi wọ ọkọ̀ kí a gbé wọn yí ká, ìyá mi kọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ ìkórè ni àwọn yóò wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ ìkórè, léèsì aláwọ̀ mílíìkì yẹn jáde kúrò nínú àpótí. Bùbá rẹ̀ ti tóbi jù ní èjìká ìyá mi. Wọ́n jókòó sí àga ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀gá tó ni ọkọ̀ máa ń jókòó sí, wọ́n gbé báàgì lé itan. Èmi wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, iṣu àti àkùkọ wà nínú bùútù. Lẹ́yìn tí a kọjá Àrán-Ọ̀rin, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí à ń bá pàdé: odò tí àwọn ti ń pọnmi, oko ẹni tó lé àwọn torí máńgòrò. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kan bàbá mi léjìká.

"Tí a bá ti dé ẹnu àgbàlá, ẹ fọn fèrè. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ o."

"Màá jẹ́ kó pẹ́," ni bàbá mi wí.

A gun òkè kan, a ń sọ̀ kalẹ̀, nǹkan já nínú ẹ́ńjìnnì. Ó dún táá, irin gbá irin, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Ọkọ̀ yí lọ fúnra rẹ̀ títí ó fi dúró lábẹ́ igi igbá kan. Bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tú ìdérí, wọ́n fa bẹ́líìtì jáde. Eyín rẹ̀ ń rún sí wọn lọ́wọ́ bí àkàrà àná. Wọ́n gbé e sí imú.

"Káńfọ̀," ni wọ́n wí. "Inú àpótí ló ti gbó. Òkú la tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá."

Mo bínú. Mo bínú sí bẹ́líìtì, mo bínú sí àpótí, mo bínú sí àwọn méjèèjì, n kò sì rí ẹni tí mo lè jágbe mọ́. Ìyá mi ń gbìyànjú láti sọ̀ kalẹ̀ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sì gbọ̀n. Bàbá mi sáré, wọ́n fọwọ́ gbá wọn lẹ́yìn mú kí wọ́n má ṣubú. Bàbá mi ti gbàgbé pé ọ́ìlì wà lọ́wọ́ àwọn.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ru iṣu dúró, awakọ̀ rẹ̀ ní Ẹ̀sìẹ́ lòun ń lọ. Mo bẹ ìyá mi, mo ní kò jìnnà mọ́.

"Mo mọ̀ pé kò jìnnà," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yìn iṣu kọ́ ni màá gùn wọ ilé bàbá mi lójú gbogbo ìjọ. Ẹ jẹ́ ká padà sílé."

Ìyá mi padà jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀nà Ẹ̀sìẹ́ títí tí mọ́tò kan tó ń lọ sí Òmù-Àrán fi gbé wa. Bàbá mi dúró ti ọkọ̀. Èmi ni mo sunkún lọ́nà, ìyá mi ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Nílé ni mo tó rí i lẹ́yìn bùbá náà, lókè ìbàdí: ọwọ́ bàbá mi, àtẹ́lẹwọ́ àti ìka márùn-ún, dúdú. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo tún fẹ́ rẹ ẹ́ sómi, ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi.

"Fi sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí bàbá rẹ ti fọwọ́ gbá mi mú báyìí kẹ́yìn ní gbangba."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n tú ohun inú àpótí náà jáde, kí a máa fi àwo tánganran jẹun, kí n so aago mọ́ ọwọ́. Wọ́n ní, "Kí ni mo tún ń dúró dè?"

Fáàfù, irin inú ẹ́ńjìnnì tí irin gbá, ti tẹ̀ kọjá àtúnṣe, agbára wa kò sì ká òmíràn. Wọ́n wọ́ ọ padà sábẹ́ tapólì. Bẹ́líìtì àtijọ́ ṣì wà lórí ìṣó. Mo rí bàbá mi tí wọ́n ń fà á lọ́wọ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan, kò já. Wọ́n ní, "Bóyá èyí ì bá gbé wa dé." Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí di òní.

Ìyá mi kú kí iṣu tuntun tó jáde. Wọ́n ti ní kí a sin àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àwọn, a sì háyà ọkọ̀ kan. Àwọn ìyàwó ilé ti gbá àgbàlá. Nígbà tí a dé ẹnu rẹ̀, bàbá mi sọ fún awakọ̀ pé kó fọn fèrè, kó jẹ́ kó pẹ́. Ó fọn ọ́n, ó pẹ́, bàbá mi sì bo ojú wọn.

Èmi àti àwọn ìyàwó ilé la wẹ ìyá mi. Nígbà tí mo mú léèsì náà jáde, ìyàwó àbúrò wọn gbé bùbá rẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Kí ló ba aṣọ yìí jẹ́ lẹ́yìn? Ṣé kò sí èyí tó mọ́ ni?" 

Ẹnu ọ̀nà ni bàbá mi dúró sí. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ni."

 Àwọn obìnrin náà wọ bùbá fún ìyá mi, wọ́n ró ìró fún wọn, wọ́n sì rọra dá wọn dùbúlẹ̀ lé ọwọ́ náà.