Ìyá Òṣùwọ̀n Kì í Wọn Aṣọ

Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Ìyá Òṣùwọ̀n ò ga, àmọ́ àwọn tó ga ń dúró dè é. Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí ètè àti àjà ẹnu rẹ̀ là látinú oyún, dókítà tó ń rán ètè wà níbẹ̀, dókítà eyín wà níbẹ̀, ẹni tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ náà ò gbẹ́yìn. Síbẹ̀, ọ̀bẹ kankan ò ní kan ọmọ àfi tí nọ́ọ̀sì yìí bá ní ọmọ ti tẹ̀wọ̀n.

Ìyá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti dá wọn padà rí pé ọmọ fúyẹ́. Ó gbé e lé òṣùwọ̀n tòun taṣọ, ọwọ́ òṣùwọ̀n sì fò sókè.

"Háà, ìyá, ṣé màlúù lọmọ yìí gbé mì ni?"

"Ó ń jẹun dáadáa ni."

"Ẹ bọ́ aṣọ ọmọ."

"Òtútù á mú un o!"

Bẹ́ẹ̀ òógùn ń bọ́ lára gbogbo wọn. Nọ́ọ̀sì tú ìtẹ́dìí, àgádágodo já bọ́ gbàgà. Dókítà tó ń rán ètè yíjú sógiri, èjìká rẹ̀ ń mì tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ̀yin àgbà!" ni nọ́ọ̀sì ké. "Bọ́mọ bá ṣe wọ̀n tó la fi ń díwọ̀n oògùn tá a fi ń mú un sùn kí wọ́n tó rán an. Ṣé àgádágodo la fẹ́ fún lóògùn oorun ni? Tọ́mọ ò bá lágbára tó ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀rù ló bà mí. Mo ń gbé e jókòó, mo ń fi ṣíbí fún un ní wàrà díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi. Mo rò pé kò tó."

Nọ́ọ̀sì wọn ọmọ níhòòhò. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Ó ti tẹ̀wọ̀n láìsí irin. Ọwọ́ ara yín lẹ ò gbà gbọ́. Ó yá, ẹ sáré lọ ti ilé tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kẹ́ ẹ padà wá gba bẹ́ẹ̀dì."